Ọ̀fun Tí Ń Dí Lóru, Ọkàn Tí Ń Ṣe Ségesège
Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn ará Mayfair àti gbogbo Ilé-Ifẹ̀

Àwa tí a ń jẹ́ ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí a tó béèrè owó, kí a tó béèrè oúnjẹ, oorun ni a kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ ara wa: ṣé ẹ sùn dáadáa, ṣé a jíire? Ìdáhùn kan náà ni a sì máa ń fún ara wa, pé a dúpẹ́. Ìyá tí kò fojú ba oorun mọ́jú yóò ní òun dúpẹ́. Bàbá tí ó dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí àkùkọ tó kọ yóò ní òun dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí dá lórí àwọn tí ó ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé èémí wọn ti dá dúró tí ó sì tún padà ní ìgbà tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún mọ́jú, àti lórí ohun tí ìdádúró náà ń fi ọkàn wọn ṣe.

Láti oríta Mayfair tiwa yìí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba oríta náà kọjá ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mú ganrínganrín, tí èrò ọkọ̀ kò sì tíì pé, yóò rí awakọ̀ kan tí ó fi orí lé sítíárì, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ó ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ń kiri omi inú ọ̀rá fi ń bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní iyán ni ó yó. Ó lè jẹ́ iyán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró díẹ̀ tí ẹ sì dẹtí sílẹ̀, ẹ lè gbọ́ pé híhanrun náà ń ga, ó ń ga sí i, ó sì dákẹ́ lójijì bí ẹni pé ọwọ́ kan dí i lẹ́nu. Àyà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ẹ ó ka ení, ẹ ó ka èjì, títí dé ogún, nígbà mìíràn títí dé ọgbọ̀n, kí ó tó já èémí gbà tagbáratagbára bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí láti inú odò, kí ó yí orí padà, kí híhanrun sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́ àárín méjì yẹn ni ọ̀rọ̀ wa.

Mo mọ ìdákẹ́ náà láti ìgbà èwe mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, jẹ́ ènìyàn bàǹtà-banta tí ọrùn rẹ̀ ki pọ́pọ́. Àwọn ìyàwó ilé a máa kan sáárá sí oorun rẹ̀. Wọn a ní oorun ọlọ́lá ni, oorun ẹni tí kò jẹ gbèsè. Àwa ọmọdé tí a sùn lórí ẹní lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ nìkan ni a mọ̀ pé nígbà mìíràn èémí náà kì í dún mọ́, tí àwa náà á sì di èémí tiwa mú nínú òkùnkùn títí tirẹ̀ yóò fi padà. Bí ó bá jí, orí a máa fọ́ ọ. Kí oníwàásù tó ka ẹsẹ Bíbélì tán, ó ti ń tòògbé. Nígbà tí ó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àyà òun ń já, pé ó ń lù bí ìlù tí onílù rẹ̀ ti mutí yó. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lò ó. Wọ́n fún un ní oògùn ọkàn, ó lò ó. Àyà náà á rọlẹ̀ fún oṣù kan, á tún dìde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbé mọ́. N kò dá ẹnì kankan lẹ́bi, nítorí ìmọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì tàn dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ohun tí ó ń dùn mí títí di òní ni pé àwa ọmọdé tí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lóru wà nínú ilé, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí wọ́n bi wá.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀kánjúà oúnjẹ ni wọ́n fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ tiwa yìí mu ju bí ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti lè rò lọ. Ọ̀fun kò ní egungun tí yóò gbé e dúró bí òpó ti ń gbé àjà ilé. Ẹran ara ni ó yí i ká, ẹran ara náà ni ó sì ń là á sílẹ̀ nígbà tí a bá lajú. Bí oorun bá wọ ara, gbogbo ẹran ara á dẹ̀: ahọ́n á fà sẹ́yìn, bẹ́lúbẹ́lú á wálẹ̀, ògiri ọ̀fun á súnmọ́ra. Lára ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbòòrò, ewu kò sí. Lára ẹni tí ọ̀rá ti kún ọrùn rẹ̀, tàbí tí àgbọ̀n rẹ̀ kéré tí ó sì fà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á máa fi tipátipá kọjá, èyí ni à ń gbọ́ tí à ń pè ní híhanrun. Bí ọ̀nà náà bá wá pa dé, èémí dúró nìyẹn. Bí ó bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán, àwọn oníṣègùn á kà á sí ọ̀kan. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 5 láàárín wákàtí kan, wọn á ní àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tó 15, ó ti wọra. Bí ó bá tó 30, ó ti le. Christian Guilleminault àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ni wọ́n sọ ọ́ ní sleep apnea syndrome ní 1976. Èmi yóò máa pè é ní ìdádúró èémí lójú oorun. Kì í ṣe àìsàn àwọn díẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bí bílíọ̀nù kan ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 30 sí 69 ni ó ní i káàkiri ayé, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀.

Ó wá ku ọkàn. Yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ní igun kan nínú yàrá òkè apá ọ̀tún ni ìyáàlù rẹ̀ wà, ẹran kékeré kan tí ó ń pàṣẹ ìlù. Bí ó bá ti dún, àwọn omele tó kù á gbè é lẹ́yìn létòlétò, yàrá òkè á fún, ti ìsàlẹ̀ á tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ á sì rìn. Nínú àìsàn tí wọ́n ń pè ní atrial fibrillation, omele kọ̀ọ̀kan ni ó ń lu tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ ìyáàlù mọ́. Yàrá òkè kò lè fún mọ́, gbígbọ̀n ni ó ń gbọ̀n bí ewé kókò nínú òjò. Ẹ̀jẹ̀ á dá rọ́gún sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, bí omi ti ń dá rọ́gún sínú kòtò, á sì dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, tí ó bá ìṣàn gòkè lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé ewu rọpárọsẹ̀ lára ẹni tí ó ní àìsàn yìí tó ìlọ́po 5 ti ẹni tí kò ní i.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ọ̀fun kan ọkàn. Inú àyà kan náà ni agbára tí ń fa èémí àti agbára tí ń ti ẹ̀jẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀fun bá dí tí àyà sì ń fi gbogbo ipá fa afẹ́fẹ́ tí kò lè wọlé, fífà náà kì í lọ lásán: ọkàn fúnra rẹ̀ ni ó ń fà, yàrá òkè tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ á sì máa fẹ̀ bí àpò tí a ń fà láti ìta. Lásìkò kan náà, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀. Ọkàn tí ó ti ń falẹ̀ á ta gìrì, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè bí ti ẹni tí ẹkùn ń lé, ọpọlọ á sì jí ẹni náà díẹ̀, tó ìwọ̀n tí yóò fi mí, ṣùgbọ́n kò tó ìwọ̀n tí yóò fi rántí bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ wá ronú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 30 láàárín wákàtí kan, fún wákàtí 7 òru kan, fún ọdún 10. Ògiri yàrá náà á fẹ̀, àpá á bo ara rẹ̀, ibi àpá wọ̀nyí sì ni àwọn omele ọlọ̀tẹ̀ á fi ṣe ibùjókòó. Àní ìtọ̀ òru tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọjọ́ orí, ibí yìí ni ó ti ń wá nígbà mìíràn: yàrá òkè tí a fà fẹ̀ ń rò pé omi ara ti pọ̀ jù, ó sì ń ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kí ó dà á nù.

Nítorí náà ni kò fi yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ka iṣẹ́ àwọn oníṣègùn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà. Ní 2004, wọ́n sọ pé nínú àwọn tí ó ní atrial fibrillation tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí 49 nínú 100 ni àmì ìdádúró èémí wà lára wọn, nígbà tí ó jẹ́ 32 nínú 100 lára àwọn aláìsàn ọkàn mìíràn. Èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ní 2003 ni ó wọ̀ mí lára jù. Àwọn aláìsàn kan wà tí wọ́n ti fi iná mànàmáná dá ìlù ọkàn wọn padà sípò, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn bóyá àìsàn náà yóò padà. Láàárín ọdún kan, nínú àwọn tí ọ̀fun wọn ń dí lóru tí wọn kò sì gba ìtọ́jú rẹ̀ bó ti yẹ, ó padà sára 82 nínú 100. Nínú àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú ọ̀fun, ó padà sára 42 nínú 100. À ń wo ewé, a kò wo gbòǹgbò, ni mo wí fún ara mi nígbà tí mo ka ìṣirò náà. Bàbá Àgbà ni mo sì rántí, àti oògùn tí ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan tí yóò sì tún di aláìlágbára.

Ṣùgbọ́n òdodo ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìwádìí 2003 náà kéré: 27 ni àwọn tí kò gba ìtọ́jú, 12 péré ni àwọn tí ó gbà á, kò sì sí ẹni tí ó ṣẹ́ gègé pín wọn, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tí ó gba ìtọ́jú jẹ́ irú ẹni tí ń ṣọ́ ara rẹ̀ nínú ohun gbogbo. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ gègé, ẹ̀rí náà kò dán bíi ti ìṣáájú mọ́. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní SAVE, tí ó kó ènìyàn 2,717 jọ, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2016, kò rí i pé ẹ̀rọ tí ń la ọ̀fun sílẹ̀ lóru dín ikú àti àrùn ọkàn kù. Òmíràn tí wọ́n ṣe ní Norway, tí ó jáde ní 2021, kò rí i pé oṣù 5 pẹ̀lú ẹ̀rọ náà dín àkókò tí ọkàn fi ń ṣe ségesège kù. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí, kí ẹnì kan má bàa ta ẹ̀rọ fún yín bí ẹni ń ta àjídèwe. Síbẹ̀, nínú SAVE, ìwọ̀n wákàtí 3 ó lé díẹ̀ péré ni àwọn ènìyàn ń lo ẹ̀rọ náà lóru, wọ́n sì ti yọ àwọn tí oorun ọ̀sán ń bá jà jù kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò fi agboorun bo orí fún ìdajì òjò, tí yóò sì wá sọ pé agboorun kò wúlò nítorí pé òun tutù? Èrò tèmi ni pé ìtọ́jú ọ̀fun kò gba ipò oògùn ọkàn, kò sì gba ipò oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń tọ́jú ìlù ọkàn lọ́sàn-án tí ó fi ọ̀fun sílẹ̀ kí ó máa fún un pa lóru, ó ń fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Àwọn oníṣègùn ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2024, fi ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, ara sísanjù, ọtí àti ìdádúró èémí ṣáájú gbogbo ohun tó kù nínú ètò atrial fibrillation. Ibi tí ó yẹ kí ó wà nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, tí kò sì béèrè ẹ̀rọ. Ní ìlú Adelaide ní Ọsirélíà, wọ́n rí i ní 2015 pé àwọn aláìsàn tí ó sanra tí wọ́n sì dín ìwọ̀n ara wọn kù tó ìdá 10 nínú 100, tí wọn kò jẹ́ kí ó padà, ní ìlọ́po 6 àǹfààní láti bọ́ lọ́wọ́ ségesège ọkàn ju àwọn tí kò dín in kù tó bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá tí ó kúrò lọ́rùn kúrò lọ́fun. Ọ̀rá tí ó kúrò lára ọkàn sì mú kí ọkàn fúyẹ́. Kí ẹni tí ń hanrun sì fi ẹ̀gbẹ́ sùn, nítorí ẹni tí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ ni ahọ́n ń já sẹ́yìn fún jù. Àwọn kan tilẹ̀ ń rán bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ẹ̀yìn aṣọ oorun wọn kí wọ́n má bàa yí padà. Ọtí alẹ́ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí jù, pàápàá ògógóró àti páragà tí àwọn awakọ̀ wa ń gbé mì kí oorun lè yára wá. Oorun á yára wá lóòótọ́. Ọ̀fun á sì yára dẹ̀. Oògùn oorun tí a rà láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ tí mo ti ń dárúkọ láìṣàlàyé rẹ̀ ni CPAP. Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney ni wọ́n gbé e jáde ní 1981: ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ìbòmú wọ imú, kí agbára afẹ́fẹ́ náà lè la ọ̀fun sílẹ̀ bí òpó ti ń la àgọ́. Kò pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ojú àti imú tó mọ́ ọn lára, àti pé ní ìlú tiwa níbí, ẹni tí yóò lò ó ní láti kọ́kọ́ ronú iná mànàmáná tí ń lọ ní agogo mẹ́ta òru. Àwọn tí mo mọ̀ tí ó ń lò ó déédéé ni àwọn tí ó ní ínfátà tàbí bátìrì tí ó lè gbé e di àárọ̀. Ẹni tí kò bá ní ọ̀nà sí i, kí ó má sọ̀rètí nù: ẹ̀gbẹ́ sísùn, ọtí títì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ara dídínkù kò béèrè iná. Kí n sì fi ìkìlọ̀ kan kún un. Irú ìdádúró èémí kan wà tí kì í ṣe ọ̀fun ni ó dí, ọpọlọ ni kò pàṣẹ èémí, a sì máa ń rí i lára àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀. Wọ́n dán ẹ̀rọ pàtàkì kan tí kì í ṣe CPAP wò lára wọn; ní 2015 ni wọ́n rí i pé ikú pọ̀ sí i lára àwọn tí ó lò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ ọlọ́rẹ̀ẹ́ kan, tàbí èyí tí ọmọ rán wá láti òkè òkun, kí ó fi í bo imú láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Kò sì yẹ kí a lérò pé àwa nìkan ni a wà nínú òkùnkùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gregory Erhabor, àgbà oníṣègùn ẹ̀dọ̀fóró ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà lára àwọn tí ó kọ̀wé lórí ìdádúró èémí láàárín àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà ní 2009, ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì náà, OAUTHC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, kò sì jìnnà sí Mayfair. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọn yóò bi yín bóyá ẹ ń hanrun, bóyá ó máa ń rẹ̀ yín lọ́sàn-án, bóyá ẹnìkan ti rí i tí èémí yín dúró, bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn yóò wo ìwọ̀n ara, ọjọ́ orí àti bí ọrùn ti ki tó. Lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe ségesège, ìbéèrè nìkan kò tó, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tòògbé lọ́sàn-án rárá. Ó yẹ kí wọ́n wọn èémí àti ọ́síjìn rẹ̀ ní òru kan. Ẹ̀yin obìnrin tí nǹkan oṣù yín ti dúró, ọ̀rọ̀ náà kàn yín pẹ̀lú, kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Kì í sì í ṣe gbogbo ségesège ọkàn ni ó ti ọ̀fun wá: ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ilẹ̀kùn ọkàn tí ọ̀fun dídùn ìgbà èwe fà, àti gẹ̀gẹ̀ inú ọrùn tí ń ṣiṣẹ́ jù, gbogbo wọn ni ó lè fà á, dókítà yóò sì wá wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lo oògùn ọkàn lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí ọ̀rọ̀ mi yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn ti àwọn tí ń hanrun ni mo fẹ́ fi gbólóhùn ìkẹyìn bẹ̀, ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ọmọdé orí ẹní, nítorí ẹni tí ó ń sùn kì í gbọ́ ara rẹ̀. Lóru òní, bí híhanrun náà bá dákẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ó bá ju mẹ́wàá lọ kí èémí tó padà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, tàbí kí ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀; ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún ń lọ rí oníṣègùn ọkàn, ẹ tẹ̀lé wọn lọ, ẹ sì sọ ohun tí ẹ gbọ́, bí wọn kò tilẹ̀ bi yín.